Ibi Tí Òkun Ti Tẹ́jú Ni Kẹ́ Ẹ Sá Fún

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbèrò àtilọ sinmi létí òkun Araròmí, nílẹ̀ Ìlàjẹ, tiyín la wá sọ. Iyanrìn ibẹ̀ tẹ́ lọ rẹrẹ. Tẹ́ ẹ bá kọrí sọ́nà Ayétòrò, ẹrẹ̀ lẹ ó máa bá, torí kòtò jíjìn abẹ́ òkun ti gbé iyanrìn mì kó tó débẹ̀. Èrò ò pọ̀ ní Araròmí, ìyẹn ló dùn níbẹ̀. Àmọ́ níbi tí èrò ò pọ̀ sí, ta ni yóò tètè fà yín yọ?

Ẹ wo omi yìí. Ìgbì ń fọ́ funfun lápá ọ̀tún, ó ń fọ́ lápá òsì. Láàárín, omi tẹ́jú, ó dúdú díẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí á ní kọ́mọ lọ wẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Ojú ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ omi tí ìgbì gbé wá ń gbà padà, ó sì lè sáré tó mítà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá 1. Ẹ fi ìṣẹ́jú 10 wò ó kẹ́ ẹ tó bọ́ bàtà: tí ìfófòó àti igi wẹ́wẹ́ bá ń lọ sójú agbami, òun nìyẹn.

Ìṣàn omi tó ń padà yìí kì í fani lọ sísàlẹ̀, ọ̀nà agbami ló ń gbéni lọ. Ẹni tó bá kọjú sí etíkun tó ń bá a jìjàkadì, apá rẹ̀ á kú, á sì rì. Òmùwẹ̀ ní ń bómi lọ: ẹ dojú sókè, ẹ léfòó, ẹ na ọwọ́ kan sókè, ẹ kígbe. Lẹ́yìn náà, ẹ lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ lọ síbi tí ìgbì ti ń fọ́ funfun; òun ni yóò tì yín wá sétíkun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà létíkun, ẹ má bẹ́ sómi tẹ̀lé ẹni tómi ń gbé lọ. Kẹ́ẹ̀gì lítà 10 ni kẹ́ ẹ mú dání láti ilé, pẹ̀lú okùn mítà 20 tẹ́ ẹ so mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ bu omi ife 1 péré sínú rẹ̀ kó lè wúwo tó láti jù, torí kẹ́ẹ̀gì òfìfo, afẹ́fẹ́ á gbé e dànù. Ẹ dé e pinpin, ẹ tẹ̀ ẹ́ rì wò: tó bá ń yọ ìfófòó lẹ́nu, ìdérí yẹn ò dáa. Ẹ jù ú kọjá orí ẹni náà, kẹ́ ẹ rọra fà á padà títí okùn á fi kàn án lọ́wọ́. Kó gbá kẹ́ẹ̀gì mọ́ àyà, kẹ́ ẹ máa fà á bọ̀.