Bá a ṣe ń fi CSS ṣe káàdì tí ò ní bẹ́ àmì ohùn lórí

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ ìkànnì sọ lọ́jọ́ Sátidé nìyí, mo tún un kọ fẹ́yin tẹ́ ẹ ò ráyè wá.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí mo fojú ara mi rí. Ìkànnì kan wà tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́ oko, wọ́n sì gbìyànjú gan-an torí Yorùbá tó lámì ni wọ́n fi kọ ọ́. Màmá mi ń wo ọjà níbẹ̀ lórí fóònù wọn, wọ́n dédé ní "ỌKỌ TUNTUN? Kí ni wọ́n ń tà níbí?" Mo gba fóònù wò ó. ỌKỌ́ ni wọ́n kọ o, ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko, káàdì, ìyẹn àpótí kékeré tí wọ́n kọ orúkọ ọjà sínú ẹ̀, ló gé àmì orí Ọ kejì kúrò. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn ò ṣàṣìṣe kankan, CSS, ìyẹn èdè tá a fi ń sọ bí ojú ìkànnì ṣe máa rí, ló ṣe é.

Mo ṣí kóòdù ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, nǹkan mẹ́ta ló pàdé ara wọn níbẹ̀: text-transform: uppercase sọ gbogbo lẹ́tà di ńlá, line-height, ìyẹn gíga ìlà ọ̀rọ̀, jẹ́ 1, wọ́n wá fi height tó jẹ́ píksẹ́lì pẹ̀lú overflow: hidden, tó ń gé ohun tó bá yọ síta, dè é pa. Lẹ́tà ńlá ti ga tẹ́lẹ̀, àmì tún gun orí ẹ̀, kò ríbi dúró sí mọ́, ni wọ́n bá gé e. Ẹni tí ò dé fìlà ni wọ́n kọ́lé yẹn fún, a wá ní kí ẹni tó dé gọ̀bì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀ wọlé.

Ẹ tún gbọ́ èyí o. Nínú Unicode, ìyẹn ìlànà tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, ẹ́ àti ọ̀ ò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó jẹ́ tiwọn. Lẹ́tà ẹ kékeré ní U+1EB9, àmì òkè orí ẹ̀ tún ní U+0301, fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà tẹ́ ẹ bá lò, ló máa to méjèèjì síra wọn, bí fọ́ǹtì ò bá sì mọ̀ ọ́n tò àmì á lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà. Torí náà kẹ́ ẹ tó mú fọ́ǹtì kankan, ẹ kọ́kọ́ fi kọ Ọ̀ṣọ́, kẹ́ ẹ wò ó dáadáa.

Bí mo ṣe máa ń ṣe tèmi nìyí:

.ate { display: grid; gap: 1rem; grid-template-columns: repeat(auto-fit, minmax(min(16rem, 100%), 1fr)); }
.kaadi h3 { line-height: 1.5; padding-block: 0.2em; }

Kò sí height níbẹ̀ rárá, ọ̀rọ̀ inú káàdì ló máa sọ bó ṣe máa ga tó. Ìlà grid yẹn ń sọ pé káàdì kọ̀ọ̀kan fẹ́ fẹ̀ tó 16rem, ó kéré tán, bí àyè bá wà kí wọ́n tò síra wọn, bí ò bá sí kí kálukú gba ìlà tiẹ̀. Nígbà tí Ethan Marcotte sọ "responsive web design", ìyẹn ìkànnì tó ń bá ojú ẹ̀rọ mu, lórúkọ ní 2010, ojú fóònù ni media query ń wò, ṣùgbọ́n látìgbà tí container query ti ń ṣiṣẹ́ nínú gbogbo bráwúsà ńlá ní 2023, káàdì lè wo àpótí tó gbé e sínú gan-an. Ẹ fi container-type: inline-size sára àpótí yẹn, torí nǹkan ò lè fi ìwọ̀n ara ẹ̀ pàṣẹ fún ara ẹ̀.

Rem, ìyẹn ìwọ̀n tó ń tẹ̀ lé bí lẹ́tà bráwúsà ṣe tóbi tó, ni mo lò, mi ò lo px, ìyẹn píksẹ́lì, ìdí sì ni àwọn bíi màmá mi tí wọ́n ti sọ lẹ́tà bráwúsà wọn di ńlá, px kì í gbọ́ tiwọn. WCAG, ìyẹn ìlànà àgbáyé tó ń mú kí gbogbo èèyàn lè lo ìkànnì, ní kí ọ̀rọ̀ lè tóbi dé 200% láìsí ohun tó sọnù, bẹ́ ẹ bá wá kọ user-scalable=no, tí kì í jẹ́ kí wọ́n lè fìka sọ ojú ìwé di ńlá, ẹ ti tìlẹ̀kùn mọ́ wọn nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe é. Àwọ̀ náà ńkọ́? Ìlànà yẹn fẹ́ kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ọ̀rọ̀ àti ti ẹ̀yìn ẹ̀ tó 4.5 sí 1. Àwọ̀ eérú #999 lórí funfun ò tó 3, #767676 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, ẹ sì rántí pé inú oòrùn ọ̀sán ní Bódìjà lẹni tó ń rajà ti máa wò ó.

Ẹni tí kì í lo mouse, bọ́tìnnì Tab ló fi ń rìn. Bẹ́ ẹ bá fi div lásán ṣe ibi títẹ̀, Tab á kọjá lára ẹ̀ bíi pé kò sí níbẹ̀, "a" tó ní href tàbí "button" ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ má sì kọ outline: none láé, torí outline ni ìlà tó ń fi ibi tí Tab dé hàn. Ẹ jẹ́ kí ibi títẹ̀ ga tó 2.75rem, WCAG 2.2 gba 24 píksẹ́lì lóòótọ́ àmọ́ ìka èèyàn tóbi jùyẹn lọ. Kẹ́ ẹ sì kọ lang="yo", kí ẹ̀rọ tó ń kàwé fáwọn tí ò ríran mọ̀ pé Yorùbá ló ń kà.

Ẹnì kan bi mí pé ṣebí overflow: hidden ló ń jẹ́ kí igun fọ́tò rí róbótó. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ fi border-radius sára fọ́tò fúnra ẹ̀, torí overflow yẹn náà ló ń gé outline. Ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn pa overflow: hidden rẹ́ nínú káàdì tiẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó sọ line-height di 1.5, ó wá gbé kọ̀ǹpútà ẹ̀ sókè kí gbogbo wa lè rí i: Ẹ̀WÀ ÀGÀNYÌN, gbogbo àmì ẹ̀ pé.