Àwọn Olólùfẹ́ Tí Kò Fojú Kanra: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Sinimá Louis Malle

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin olùfẹ́ sinimá. Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo kí yín. Ascenseur pour l'échafaud, ìyẹn 'Lífíìtì Tó Lọ Síbi Ìpa Ọ̀daràn' ní èdè wa, ni sinimá tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Louis Malle ló darí rẹ̀ ní Paris lọ́dún 1957, ó sì jáde ní oṣù Kìíní ọdún 1958. Ohun tí àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n sí ni sinimá ìpànìyàn tó gún régé, aláwọ̀ dúdú àti funfun, tí Miles Davis, gbajúmọ̀ olórin jazz, fọn fèrè sí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìtàn ìfẹ́ ni pẹ̀lú, àwọn olólùfẹ́ méjèèjì kò sì dúró sójú kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ títí dé òpin. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ẹwà rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá.

Ojú obìnrin kan ló kọ́kọ́ gba gbogbo àwòrán. Jeanne Moreau ni, òun ló ṣe Florence Carala. Ó ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, ó ń búra ìfẹ́ fún Julien Tavernier, tí Maurice Ronet ṣe. Òṣìṣẹ́ ọkọ Florence ni Julien. Àdéhùn wọn ni pé kí Julien pa ọ̀gá rẹ̀, kó ṣe é bí ẹni pé ṣe ni baba náà pa ara rẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì pàdé lẹ́yìn náà. Julien fi okùn gun ara ilé láti ìta, ó yìnbọn pa Carala, ọkọ Florence. Akọ̀wé tó wà nítòsí kò gbọ́ ìró ìbọn, nítorí ẹ̀rọ tó fi ń gbẹ́ pẹ́ńsù ń pariwo. Julien jáde tán, ó ti dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀, ó gbójú sókè báyìí, okùn ló rí tó ṣì wà lára ilé. Ó sáré padà, ó wọ lífíìtì. Alábòójútó ilé sì pa iná, nítorí ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, iṣẹ́ ti parí. Bí Julien ṣe há sínú lífíìtì nìyẹn, kò lọ sókè, kò wá sísàlẹ̀.

Níta, Louis, ọmọkùnrin kan tí kò tíì gbọ́n, àti Véronique ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ tó ń ta òdòdó, gbé ọkọ̀ Julien lọ. Ìbọn Julien wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi orúkọ Julien wọ ilé ìtura kan lẹ́bàá ọ̀nà, ibẹ̀ ni Louis sì ti fi ìbọn yẹn pa tọkọtaya ará Jámánì. Florence ní tirẹ̀ rí ọkọ̀ náà tó ń kọjá, ó rí ọmọbìnrin nínú rẹ̀, ó gbà pé Julien ti já òun jù sílẹ̀.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri lóru. Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ níbí. Henri Decaë ló ya àwòrán yìí, fíìmù tó máa ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ ló sì lò. Wọ́n gbé kámẹ́rà sínú kẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́, wọ́n ń tì í lọ ní òpópónà Champs-Élysées bí Moreau ṣe ń rìn, iná ojú ṣọ́ọ̀bù ló sì ń tàn sí i. Ṣáájú ìgbà yẹn, àtíkè rẹpẹtẹ àti iná ńláńlá ni wọ́n máa ń fi tún ojú rẹ̀ ṣe nínú sinimá. Malle kò fi nǹkan kan bò ó mọ́. Inú àwọn tó ń fọ fíìmù kò dùn nígbà tí iṣẹ́ náà dé ọwọ́ wọn. Bó bá ti dé ojú ṣọ́ọ̀bù, ẹ ó rí àárẹ̀ tó wà lábẹ́ ojú rẹ̀, ẹ ó rí ètè rẹ̀ tó ń mì. Ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí i, òkùnkùn ti gbà á. Òjò tún rọ̀ lé e lórí, irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí. Kò sí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Mi ò tíì rí sinimá mìíràn tó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ìgboro sọ ọ̀rọ̀ inú ènìyàn tó bẹ́ẹ̀.

Fèrè Miles Davis ló ń bá a rìn. Lóru ọjọ́ 4 mọ́jú ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 1957, Davis wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀ ní Paris pẹ̀lú Barney Wilen, René Urtreger, Pierre Michelot àti Kenny Clarke. Wọn kò kọ orin náà kalẹ̀ tán kí wọ́n tó dé. Wọ́n ń wo àwòrán bó ṣe ń lọ lójú wọn, wọ́n sì ń fọn ohun tó bá sọ sí wọn lọ́kàn. Bí ìṣẹ́jú 18 péré ni orin yìí gbà nínú sinimá tó tó wákàtí kan àtààbọ̀, síbẹ̀ òun ni etí gbogbo ènìyàn ń gbé lọ sílé. Malle kò dà á sórí gbogbo nǹkan. Ó jẹ́ kí ilé ìṣẹ́ tó ṣófo dákẹ́, kí fèrè lè rí àyè sọ̀rọ̀ lójú títì.

Ogun náà wà nínú ìtàn yìí, ẹ má fojú fò ó. Julien ti jagun ní Indochina (ilẹ̀ Vietnam, Laos àti Cambodia) àti Algeria, owó Carala sì ti inú òwò ohun ìjà wá. Ogun Algeria ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń ya sinimá yìí. Ó tiẹ̀ kan àdúgbò wa: àwọn ọmọ Dahomey, tó ń jẹ́ Benin lónìí, wà lára àwọn tí Faransé kó lọ jagun ní Indochina.

Ibi tí sinimá yìí ti kù díẹ̀ káàtó ni ìtàn Louis àti Véronique. Ìwà wọn ń ṣe bí ẹni pé òǹkọ̀wé ló ń tì wọ́n lẹ́yìn, ọkàn mi sì máa ń padà sọ́dọ̀ Florence tí wọ́n bá ti pẹ́ jù lójú ìran. Ẹni ọdún 25 ni Malle, sinimá alárọ̀sọ rẹ̀ àkọ́kọ́ sì ni. Àṣìṣe yẹn kò pọ̀.

Ìgbà tí ọwọ́ ọlọ́pàá tẹ Julien, wọ́n gbé e jókòó sínú yàrá tí a kò rí ògiri rẹ̀. Dúdú ni gbogbo rẹ̀, ojú rẹ̀ àti ti àwọn tó ń bi í léèrè nìkan ló mọ́lẹ̀. Lífíìtì há a mọ́ ibì kan. Yàrá yìí kò ní ibì kankan rárá. Ikú tọkọtaya ará Jámánì ni wọ́n ń bi í, kò sì lè sọ ibi tó wà lóru ọjọ́ náà láìjẹ́wọ́ ikú Carala.

Kámẹ́rà kékeré Julien, tí Louis jí mọ́ ọkọ̀, ló tú àṣírí. Ilé ìfọ̀tò ni Florence ti bá Lino Ventura, tó ṣe ọlọ́pàá Cherrier, tó ti ń dúró dè é. Nínú fọ́tò tó wà nínú omi ìfọ̀tò ni a ti rí Florence àti Julien pa pọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n dì mọ́ra, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Florence ń ro iye ọdún tí ẹ̀wọ̀n yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ní nínú fọ́tò yẹn, àwọn wà pọ̀. Louis àti àwọn tó pa wà nínú fíìmù kan náà. Fíìmù yẹn ló dá Julien láre lórí ikú àwọn ará Jámánì, òun náà ló sì dá a lẹ́bi lórí ikú Carala.