Bí a ṣe ń ra wáìnì pupa Ọsirélíà tó dára lówó pọ́ọ́kú

Ẹ káàbọ̀ o. Wáìnì pupa ilẹ̀ Ọsirélíà la fẹ́ rà lónìí, èyí tí èèyàn lè fi jẹun alẹ́ lásán. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlú Ọba ni mò ń bá sọ̀rọ̀ jù, torí súpámákẹ́ẹ̀tì yín kún fún un.

Ẹ jẹ́ ká ti orí owó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ìgò pọ́n-ùn 6 yìí. VAT ti mú pọ́n-ùn 1 lọ nínú ẹ̀. Owó-orí ọtí tún wà: láti oṣù kejì ọdún 2025, fún ìgò tí agbára ọtí rẹ̀ jẹ́ 14.5%, ó ti lé ní pọ́n-ùn 3. Èyí tó ṣẹ́kù kò tó pọ́n-ùn 2, inú ẹ̀ náà ni owó ìgò, owó ọkọ̀ òkun, èrè ọlọ́jà àti wáìnì fúnra ẹ̀ ti máa jáde. Ẹ wá wo ti pọ́n-ùn 10: bí ìjọba bá mú tiẹ̀ tán, bíi pọ́n-ùn 5 ló kù. Pọ́n-ùn 8 sí 12 ni kí ẹ ti máa wá ọjà. Ìgò pọ́n-ùn 5 kì í ṣe ọjà pọ́ọ́kú, owó-orí lẹ rà.

Ó yá, lébẹ́ẹ̀lì. Ẹ fi àwòrán ẹranko àti àmì góòlù sílẹ̀, orúkọ ibi tí wọ́n ti gbin àjàrà ni kí ẹ wá. Bó bá jẹ́ South Eastern Australia ni wọ́n kọ, ilẹ̀ yẹn kó gbogbo New South Wales, Victoria àti Tasmania, ó tún mú lára Queensland àti South Australia. Ibi gbogbo ni àjàrà ti lè wá. Èyí tó pọ̀ jù máa ń jẹ́ ti àwọn oko tí wọ́n ń bomi rin ní Riverland, Riverina àti Murray Darling, níbi tí oòrùn ti mú, tí èso sì máa ń pọ̀ lórí igi. Èèyàn lè fi jẹ písà, àmọ́ adùn ẹ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu.

Agbègbè kan pàtó ló dáa jù. Òfin Ọsirélíà ni pé bí wọ́n bá kọ agbègbè, irú àjàrà tàbí ọdún sára ìgò, ó kéré tán 85% ohun tó wà nínú ẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ohun tí wọ́n kọ mu. Barossa Valley lókìkí, ẹ ó sì san owó òkìkí náà. Langhorne Creek, tó wà lẹ́bàá adágún Alexandrina, ń pèsè wáìnì àjàrà Shiraz àti Cabernet tó rọ lọ́fun, síbẹ̀ orúkọ ẹ̀ ò tíì wọ́n. Bákan náà, bí Cabernet Coonawarra bá ju agbára yín lọ, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ Limestone Coast sí: agbègbè ńlá tí Coonawarra wà nínú ẹ̀ ni.

Ẹ yí ẹ̀yìn ìgò, ẹ wo agbára ọtí. Ibí yìí ló kan àwa tá a fẹ́ràn ata. Ọtí tó ju 14.5% máa ń jẹ́ kí ata jó ẹnu sí i. Cabernet tún ní ohun kan tó ń fa ẹnu pọ̀ bí ẹni jẹ obì, ọ̀rá ẹran ló ń rọ̀ ọ́; ẹran àgùntàn tàbí màlúù ọlọ́ràá ni kí ẹ fi jẹ. Shiraz bá sọ́séèjì àti ẹran yíyan lọ. Fún súyà tàbí jọ́lọ́ọ̀fù, ẹ mú wáìnì àjàrà Grenache láti agbègbè McLaren Vale, tí agbára ọtí rẹ̀ kò ju 13.5% sí 14%, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù díẹ̀.

Ọdún: èyí tí kò ju ọdún mẹ́rin lọ. Wáìnì olówó pọ́ọ́kú kì í dára sí i nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ìdérí onírin tí a ń yí kì í ṣe àmì ọjà gbàrọgùdù. Òun gan-an ni kì í jẹ́ kí ẹ bá òórùn páálí tí òjò pa, èyí tí kọ́ọ̀kì, ìyẹn ìdérí onígi, máa ń fà. Ẹ má mú ìgò tó wà níbi tí oòrùn ti ń pa á, tàbí tó ti ń jò lẹ́nu.

Bẹ́ ẹ bá délé, ẹ gbé e sí fíríìjì fún ìṣẹ́jú 20 sí 30. 16 sí 18°C la fẹ́. Bó bá gbóná jù bẹ́ẹ̀, ọtí á máa ta yín nímú. Bí ẹ bá ṣí i, tó ń rùn bí ìṣáná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá, ẹ má dà á nù. Ẹ dà á sínú jọ́ọ̀gì, ẹ rò ó pọ̀ dáadáa, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Òórùn yẹn sábà máa ń lọ.

Èyí tó bá kù, ẹ dé e, ẹ dá a padà sí fíríìjì, kó má ju ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó ń mu gíláàsì kan ṣoṣo lálẹ́, kó ra ti inú páálí, ìyẹn èyí tí Thomas Angove gbé jáde ní Renmark lọ́dún 1965. Báàgì inú ẹ̀ ń fún pọ̀ bí wáìnì ṣe ń jáde, afẹ́fẹ́ ò ráyè wọlé, nítorí náà ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn tí ẹ bá ṣí i. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sára páálí, torí báàgì ọ̀hún kì í pa wáìnì mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún bí ìgò.