Oyún nínú oyún: bí bakitéríà ṣe ń da DNA rẹ̀ kọ kó tó pín sí méjì

Iná lọ láàárín ọ̀rọ̀ tí mo ń bá yín sọ nípa bakitéríà lọ́jọ́ kan ní Àkúrẹ́, àwòrán tó yẹ kí ẹ rí kò sì tàn mọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu yà á níbí.

E. coli, bakitéríà tó ń gbé inú ìfun wa, kò gùn ju nǹkan bíi máíkírómítà 2 lọ (ẹgbẹ̀rún máíkírómítà ló wà nínú mìlímítà kan), ṣùgbọ́n bí ẹ bá na DNA inú rẹ̀ tán, ìyẹn okùn méjì tó lọ́ mọ́ra tí a kọ ìlànà ìgbé ayé rẹ̀ sí, ó tó mìlímítà kan àbọ̀. Lẹ́tà orí rẹ̀ tó mílíọ̀nù 4.6. Ó ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 láti da gbogbo rẹ̀ kọ, á tún lo bíi 20 sí i kó tó pín. Wákàtí kan gbáko. Síbẹ̀, bí oúnjẹ bá pọ̀, ìṣẹ́jú 20-20 ló fi ń bímọ. Ọgbọ́n wo ló dá sí i?

Ìyá kan tó ń ṣe pupurú ló dá mi lóhùn: "Bí mo bá máa tà lójoojúmọ́, ṣé mo lè dúró kí ẹ̀gẹ́ tí mo rẹ rọ̀ tán kí n tó rẹ òmíràn ni?"

Ìdáhùn náà nìyẹn. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Cooper àti Helmstetter, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1968: àdàkọ kan kò ní tíì parí tí òmíràn á ti bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ti lóyún wá láti inú ìyá rẹ̀.

Purotéènì DnaA ló ń ṣí ilẹ̀kùn. Ó ń lẹ̀ mọ́ oriC, ìyẹn orísun tí àdàkọ ti ń bẹ̀rẹ̀ lórí DNA, á ya okùn méjèèjì níbẹ̀, àdàkọ á sì gba apá ọ̀tún àti apá òsì lọ. Kí ni kò jẹ́ kó tún ṣí i lójú ẹsẹ̀? Ilà ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ilà, bíi ti àwọn àgbà Oǹdó: àmì kẹ́míkà kékeré (methyl) ni wọ́n ń fi sára DNA. Okùn àtijọ́ ti kọlà, tuntun kò tíì kọ. Purotéènì mìíràn, SeqA, mọ DNA tó kọlà sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Á bo oriC mọ́lẹ̀ fúngbà díẹ̀, DnaA ò ní ráyè.

Èyí tó wù mí jù ni Caulobacter crescentus, bakitéríà mìíràn, ará inú omi. Òun kì í da DNA kọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kó tó pín. Purotéènì CcrM ni olóólà tirẹ̀. Bí ẹ̀rọ àdàkọ bá ti kọjá lórí ctrA, ọ̀kan nínú àwọn jíìnì (apá DNA tí ìlànà fún purotéènì kan wà), ilà ibẹ̀ á ku ẹ̀gbẹ́ kan, jíìnì náà á sì jí. Purotéènì CtrA tó ti inú rẹ̀ jáde á ti orísun àdàkọ pa, á wá jí àwọn mìíràn: ftsQ àti ftsA tí iṣẹ́ wọn jẹ́ pípín, àti jíìnì olóólà fúnra rẹ̀. Olóólà á dé, á kọlà fún okùn tuntun. Ẹ ò rí i pé àdàkọ tó ń kọjá lọ náà ni agogo tó ń jí àwọn jíìnì?

Bí DNA E. coli bá wá já ńkọ́? Ciprofloxacin, oògùn apabakitéríà tí a ń rà ní kẹ́míìsì bíi súìtì (ẹ jọ̀wọ́, ẹ yé é) a máa já a. Purotéènì RecA á mú kí LexA, purotéènì tó ń ti àwọn jíìnì àtúnṣe pa, ya ara rẹ̀ sí méjì, purotéènì SulA á sì jáde. Purotéènì FtsZ ló máa ń to ara rẹ̀ yí àárín bakitéríà ká bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí kó tó gé. SulA á dì í lọ́wọ́ mú. Àwòrán tí mo fẹ́ fi hàn yín nìyẹn: àwọn kúkúrú bíi hóró ẹ̀wà, àwọn kan sì gùn gbọọrọ láàárín wọn, wọ́n ń dàgbà, wọn ò pín. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ráyè tún DNA rẹ̀ ṣe, Lon, purotéènì tó ń jẹ purotéènì mìíràn, á jẹ SulA run, ìlẹ̀kẹ̀ á tún dé ìdí, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé.