Páìpù Inú Ọgbà: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Sísọ Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Fásitì Dọ̀tun

Ẹ̀yin àgbà olùkọ́, ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó o.

Kò sí fásitì tí mo dé tí wọn kì í bi mí pé, "Ẹnjiníà, ìwọ̀n íntánẹ́ẹ̀tì wo ló máa tó wa?" Èmi náà a béèrè lọ́wọ́ wọn pé, èyí tí ẹ ti ń sanwó rẹ̀ ńkọ́, ibo ló ń gbà lọ? Bí a bá wọn ín ní yàrá tó ti kọ́kọ́ wọ inú ọgbà, ó sábà máa ń sáré dáadáa. Bí a bá wá gbé láptọ̀ọ̀pù kan náà dé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn tàbí họ́sítẹ́ẹ̀lì, á máa wọ́ bí ìgbín. Omi kún táńkì, páìpù ló dí. Ẹni tó bá ra táńkì kún táńkì, omi ò ní torí ìyẹn dé ilé ìdáná.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí tẹ́lẹ̀. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, nígbà tí ibùdó ìmọ̀ físíìsì ICTP ní ìlú Trieste, Ítálì, ran Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ lọ́wọ́ láti dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀ sílẹ̀, ìta ni ìdènà wà. Àfi kí èèyàn gba orí tẹlifóònù tàbí sátẹ́láìtì. Sátẹ́láìtì ọ̀hún wà ní nǹkan bíi kìlómítà 36,000 lókè, tó fi jẹ́ pé iṣẹ́ tí a bá rán àti èsì rẹ̀ yóò gba bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, owó rẹ̀ sì ga. Ní 2010, okùn abẹ́ òkun MainOne àti Glo-1 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Equiano ti Google gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2022. Ìdènà tó wà lójú òkun ti wọ inú ọgbà wa báyìí, ṣùgbọ́n ibi tó wà tẹ́lẹ̀ la ṣì ń kó owó lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ ilẹ̀. Wáyà kọ́pà tó so kọ̀ǹpútà mọ́ switch, ìyẹn àpótí tó ń so ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ra, kò gbọdọ̀ gùn ju mítà 100 lọ. Síbẹ̀ mo ti rí i tí wọ́n ta á láti orí òrùlé dé orí òrùlé. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àrá sì sán sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà. Kò pa ẹnikẹ́ni, a dúpẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo switch inú ilé mẹ́rin ti jóná. Bí àrá bá bọ́ sílẹ̀, agbára iná tó wà nínú ilẹ̀ lábẹ́ ilé kan kì í dọ́gba pẹ̀lú ti ilé kejì. Wáyà kọ́pà tó so wọ́n pọ̀ ló ń di afárá fún un. Ó dùn mí wọra, nítorí odidi ọdún kan la fi wá owó àwọn ẹ̀rọ yẹn.

Gíláàsì ni fáíbà, okùn tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé dátà; iná mànàmáná kì í sì í gba inú gíláàsì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé láti ilé dé ilé, fáíbà nìkan ni. Kí ẹ sì yẹ ẹ̀wù rẹ̀ wò kí ẹ tó rà á, torí òmíràn ní irin lára nítorí eku. Bí a kò bá fi wáyà so irin yẹn mọ́ ilẹ̀ bó ṣe yẹ, àrá á tún rí ọ̀nà. Gbígbẹ́ ilẹ̀ ló ń jẹ owó jù. Nítorí náà, bó bá jẹ́ fọ́nrán 6 lẹ nílò, ẹ ri 24 mọ́lẹ̀, nínú páìpù tó fẹ̀. Kí ọ̀nà tó lọ sí ilé kọ̀ọ̀kan jẹ́ méjì, nítorí katakata tó ń la títì kò mọ ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀.

Ọ̀ràn kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ju olùkọ́ lọ. Ẹnì kan ra router kékeré, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́jà, ó so ó mọ́ ihò nẹ́tíwọ́ọ̀kì ara ògiri yàrá rẹ̀, kó lè rí Wi-Fi lò. Kò pẹ́, odidi họ́sítẹ́ẹ̀lì kò rí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Ọmọ náà kò ní ibi lọ́kàn. Router rẹ̀ ló ń pín àdírẹ́sì, ìyẹn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, fún gbogbo kọ̀ǹpútà tó bá béèrè, àdírẹ́sì tí kò lọ síbì kankan. Ibi tí gbogbo ọgbà bá ti jẹ́ agbo kan ṣoṣo nirú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ pín in sí VLAN, ìyẹn agbo kéékèèké tó dá dúró lórí wáyà kan náà, kí bọ́sárì wà lọ́tọ̀, kí ilé ìwòsàn wà lọ́tọ̀, kí họ́sítẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan wà lọ́tọ̀, kí switch sì máa dá àdírẹ́sì tí kò bá ti ọ̀dọ̀ sáfà wa wá, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn yòókù lóhùn, padà.

Ní ti Wi-Fi, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀: lórí 2.4 GHz, ọ̀kan lára ìgbì rédíò tí Wi-Fi ń lò, ọ̀nà mẹ́ta péré ni kì í wọ inú ara wọn. Bí a bá to ẹ̀rọ mẹ́wàá sínú gbọ̀ngàn kan láìṣètò wọn, ariwo la fi kún ariwo.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, ìyẹn WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí etíkun Côte d'Ivoire. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, bí pọ́tà fásitì, ojúewé tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń forúkọ sílẹ̀, bá wà lórí sáfà ní Yúróòpù, akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ní láti sọdá òkun kó tó forúkọ sílẹ̀. Ẹ gbé ohun tó jẹ́ ti ilé wálé. Ibùdó IXPN ń bẹ ní Èkó, níbi tí dátà Nàìjíríà ti ń pàdé ara wọn láìjáde nílùú. NgREN, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìwádìí àti ẹ̀kọ́ ti Nàìjíríà, àti WACREN, ti Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, sì wà fún àwọn fásitì láti jùmọ̀ ra ohun tí apá ẹnì kan kò ká.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, màmá kan láti ilé ìkàwé dìde. Wọ́n ní, "Ẹnjiníà, owó tó wà nílẹ̀ kò tó ìdajì ohun tí ẹ kà yìí. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?" Mo ní, Mà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti yàrá tí gbogbo fáíbà ti pàdé. Ẹ fún un ní bátìrì àti sólà, torí bí iná bá lọ níbẹ̀, gbogbo ọgbà ló kú. Kí ẹ wá ya àwòrán ọ̀nà tí wáyà kọ̀ọ̀kan gbà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ọmọkùnrin tó mọ gbogbo rẹ̀ sórí lè rí iṣẹ́ síbòmíràn lóṣù tó ń bọ̀.