Pápákọ̀ Òfuurufú Tí Kò Ní Agbèrò

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó bá mọ gáréèjì Ẹ̀pẹ́ mọ̀ pé èèyàn kì í sọnù níbẹ̀. Kí ẹsẹ̀ yín tó kanlẹ̀, agbèrò ti di báàgì yín mú: "Ìjẹ̀bú-Òde! Òde! Ó ku ẹnì kan!" Bí ẹ ò tiẹ̀ mọ ibi tí ẹ ń lọ, òun mọ̀ ọ́n.

Ohun tí mo gbọ́kàn lé nìyẹn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Schiphol, pápákọ̀ òfuurufú Amsterdam ní Netherlands. Kánádà ni mò ń lọ, Schiphol yìí ni mo ti máa pààrọ̀ ọkọ̀. Mo dúró, mò ń retí ẹni tó máa pè mí. Ẹnikẹ́ni ò dá mi lóhùn.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí taya kanlẹ̀. Àwọn èèyàn wa pàtẹ́wọ́, àwọn kan ti ń tú bẹ́líìtì. Bàálù ò dúró. Ó ń rìn, ó ń rìn. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí mọ́tò tó ń sáré lọ lábẹ́ wa. Àṣé orí afárá la wà! Ojú ọ̀nà 6 ni bàálù ń bà sí níbẹ̀. Èyí tó jìnnà jù, Polderbaan, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2003, bàálù lè fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 rìn láti ibẹ̀ kó tó dé ẹnu ilé.

Àwa ọmọ etí ọ̀sà ni èyí tó kàn yìí bá wí jù. Omi ni gbogbo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Adágún ńlá kan ni, Haarlemmermeer lorúkọ ẹ̀, tó jẹ́ pé bí ìjì bá ti jà, ilẹ̀ àwọn ará etí omi ló ń jẹ. Wọ́n mọ odi yí i ká, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń lo ooru omi kalẹ̀ síbi 3, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi lọ́dún 1849. Ó di 1852 kí ìsàlẹ̀ tó gbẹ. Ẹ rántí pé ìparí 1851 ni wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó, tó fi wá tẹ̀dó sọ́dọ̀ wa ní Ẹ̀pẹ́. Bí àwọn èèyàn tirẹ̀ ṣe ń wá èbúté tí wọ́n máa so ọkọ̀ mọ́, làwọn tọ̀hún ń fa omi tiwọn gbẹ. Bàálù àwọn ológun ló kọ́kọ́ balẹ̀ síbẹ̀, lọ́dún 1916. Títí dòní, ilẹ̀ náà fi nǹkan bíi mítà 3 rẹlẹ̀ ju òkun lọ. Mo sọ fún ìyá mi, tó ń ta ẹja ní Ọjà Olúwo. Ó wò mí títí, ó ní: "Ẹja ibẹ̀ wá ńkọ́?" Mi ò rí èsì fún un.

Bí ilé náà bá jọ èyí tí ẹ mọ̀, ojú yín ò tàn yín. Schiphol ni wọ́n wò kọ́ pápákọ̀ Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1979. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n. Ẹ jẹ́ n fẹnu mọ síbẹ̀.

Pátákó ló rọ́pò agbèrò níbẹ̀: àwọ̀ ìyeyè, lẹ́tà dúdú. Benno Wissing ló to ètò náà lọ́dún 1967. Lẹ́tà géètì yín, ẹnu ọ̀nà tí ẹ máa gbà wọ bàálù, ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, D tàbí E tàbí F, kí ẹ tó wá nọ́ńbà. Géètì tó wà lórí ìwé yín lè yí padà, ojú sikirínì ni kí ẹ gbà gbọ́.

Èmi ò ka pátákó kankan. Bàbá kan tó wọ kóòtù, tó ń rìn bí ẹni tó mọ̀nà, ni mo tẹ̀ lé. Ilé ìtọ̀ ló wọ̀. Ìtọ̀ kúkú ń gbọ̀n mí, èmi náà wọlé. Mo rí eṣinṣin kan nínú àwo, mo dojú omi kọ ọ́, kò fò. Àwòrán ni! Wọ́n yà á síbẹ̀ kí ọkùnrin lè rí nǹkan fojú sùn, kó má baà tọ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ físà, kíákíá. Ọmọ Nàìjíríà nílò físà ìkọjá níbẹ̀, kódà bí kò bá ní jáde nínú pápákọ̀. Ẹni tó bá ní físà Kánádà tàbí Amẹ́ríkà tí ọjọ́ rẹ̀ ò tíì pé bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Wọn kì í kígbe ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá gbọ́ orúkọ yín, ó ti bàjẹ́ nìyẹn: ẹ ti pẹ́, wọ́n sì fẹ́ já ẹrù yín kalẹ̀. Mo jókòó ní géètì nígbà tí ohùn náà gbé orúkọ Yorùbá kan, tó ń tò ó jọ bí ẹni ń ka òkúta. Àwa bíi mẹ́rin la gbórí sókè. Kò pẹ́, arábìnrin kan yọ lọ́ọ̀ọ́kán, bàtà lọ́wọ́, ó ń sáré bọ̀, ó ń pariwo: "Ẹ dúró o! Ó ku ẹnì kan!"