Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Pé Ara Ọmọ Màlúù Tuntun Dá

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin òǹwòran wa. Ọ̀rọ̀ òní kan gbogbo ẹni tí ó ń sin màlúù, ì báà jẹ́ darandaran tí agbo rẹ̀ ń jẹko káàkiri Òkè-Ògùn, ì báà jẹ́ àgbẹ̀ tí kò ní ju abo méjì lọ. Ọmọ màlúù tí ara rẹ̀ kò yá kì í sábà ké. Ìṣesí rẹ̀ ni ó máa ń tú àṣírí, aago ọwọ́ yín sì ni ẹ ó kọ́kọ́ fi wò ó.

Bí ọmọ bá ti bọ́ sílẹ̀, ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí láàárín ìṣẹ́jú kan. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 5, ó yẹ kí ó ti gbé orí sókè, kí ó sì ti fi àyà lélẹ̀, dípò kí ó nà gbalaja ní ẹ̀gbẹ́ kan. Láàárín wákàtí 1, kí ó ti dìde dúró; láàárín wákàtí 2, kí ó ti máa mu ọmú. Kò sí ohun tí ó burú bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń gbọ̀n, tí ó ń ṣubú, tí ó sì tún ń dìde. Èyí tí kò gbìyànjú rárá ni kí ẹ bẹ̀rù fún. Bí ìrọbí bá pẹ́, ahọ́n ọmọ lè wú, ìgbẹ́ tí ó yà sínú omi ìbí sì lè mú kí irun rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti jìyà kí ó tó wáyé, ẹ má ṣe kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ fọ ọwọ́ yín, kí ẹ sì ti ìka kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹnu ọmọ tí ara rẹ̀ le máa ń gbóná, yóò fi ahọ́n di ìka náà mú, yóò sì máa fà á gidigidi. Bí ẹnu bá tutù, tàbí tí ó kàn ń jẹ ìka lẹ́nu láìfà á, agbára rẹ̀ ti ń tán. Ẹ nu ara rẹ̀ gbẹ, ẹ wá ibi tí ó móoru fún un, pàápàá ní àsìkò ọyẹ́, kí ẹ sì fún un ní wàrà àkọ́kọ́ ìyá rẹ̀.

Wàrà àkọ́kọ́ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fọwọ́ pàtàkì mú jù lọ. Èròjà tí ó ń bá àìsàn jà kì í ti inú ẹ̀jẹ̀ màlúù gba ibi ọmọ kọjá sára ọmọ; inú wàrà tí ó ki yẹn ni ó wà, ìfun ọmọ kò sì ní lè gbà á mọ́ bí ọjọ́ kan bá fi kọjá. Wákàtí 6 àkọ́kọ́ ni ó dára jù. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara ọmọ ni a ń fún un, èyí tí ó jẹ́ lítà 2 àbọ̀ fún ọmọ tí ó wọn kílò 25. Bí ẹ kò bá rí i nígbà tí ó ń mu, ẹ wo ọmú ìyá: ọmú tí ọmọ ti mu máa ń rọ̀, orí rẹ̀ a sì mọ́, èyí tí ó le, tí eruku ṣì wà lórí rẹ̀, ọmọ kò tíì fẹnu kàn án.

Ọmọ màlúù a máa sùn púpọ̀, ìyá rẹ̀ sì lè fi í pamọ́ sínú koríko gíga nígbà tí òun bá lọ jẹko. Èyí kì í ṣe àìsàn. Ẹ rọra jí i. Bí ó bá dìde, tí ó na ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, tí etí rẹ̀ sì dúró, ara rẹ̀ dá. Ṣùgbọ́n bí etí bá jọ̀wọ́ sílẹ̀, tí ojú jìn wọnú, ẹ fa awọ ọrùn rẹ̀ díẹ̀: bí awọ náà bá pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá 2 lọ kí ó tó padà, omi ara rẹ̀ ti dín kù. Ara gbígbóná rẹ̀ kò yẹ kí ó ju nǹkan bí 39.5°C lọ, kò sì yẹ kí ó wá sílẹ̀ ju 38°C lọ.

Ó ku ìwọ́. Ẹ rì í sínú áyódíìnì, oògùn olómi tí ó ń pa kòkòrò àrùn, ní kété tí a bá bí ọmọ, kí ẹ má ṣe fi eérú tàbí ìgbẹ́ ẹran sí i. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó yẹ kí ó ti gbẹ. Bí ó bá wú, tí ó gbóná, tí ó ń rùn, tàbí tí orúnkún ọmọ ń wú tí ó sì ń tiro, ẹ pe dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà gan-an.